Àwo ìkómọ nínú ife: bí ẹ ṣe lè po kọ́kítéèlì aláìlọ́tí fún àpèjẹ ní Àjàṣẹ́

Ní òde àpèjẹ wa ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ẹni tó ń mutí nìkan ni wọ́n máa ń bi ní ohun tó fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bíà ni àbí wáìnì? Àbí kí n lọ wá sódàbì wá?" Ẹni tí kì í mutí, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan. Ìgò sucrerie kan, ìyẹn ẹlẹ́rìndòdò, ni wọ́n máa gbé kalẹ̀ síwájú rẹ̀, ìgò ọ̀hún sì lè ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àlájà tó ti Mẹ́kà dé, aboyún, awakọ̀ tó máa gbé àwọn ará ilé padà sí Kétu lálẹ́, ẹni tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí, ohun tí wọ́n ń fún ọmọdé náà ni wọ́n ń fún gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an. Àlejò ni wọ́n, wọ́n wọ aṣọ ẹbí, wọ́n náwó, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí a ń jókòó po nǹkan fún.

Láti ìgbà tí mo ti ń po ohun mímu fún ìkómọ àti ìgbéyàwó nílé ẹbí àti ọ̀rẹ́, mo ti wá mọ ohun tí ọtí ń ṣe nínú kọ́kítéèlì. Ó ń ta ọ̀fun, ó ń gbé òórùn jáde, ó sì ń jẹ́ kí ohun mímu wúwo lórí ahọ́n. Bí a bá yọ ọ́, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣúgà nìkan ò sì lè ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á da omi èso dídùn mọ́ ẹlẹ́rìndòdò dídùn, wọ́n á fi ọsàn há ẹnu ife, wọ́n á ní kọ́kítéèlì ni. Lẹ́yìn ẹnu mẹ́ta, ó ti sú ẹni.

Orí àwo ìkómọ ni mo ti rí ìdáhùn. Oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, orógbó tó korò wà níbẹ̀, atare tó ń ta wà níbẹ̀, omi náà wà níbẹ̀. Adùn, iyọ̀, ìkorò, títa. Ohun tó kù kò ju kíkan lọ, ọsàn wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lọ́jà. Bí nǹkan márùn-ún yìí bá pé nínú ife kan, kò sẹ́ni tó máa béèrè ọtí.

Ẹ ka orí àlejò kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ìṣirò tí mo ń lò kò le. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mu ife méjì, torí oòrùn ti pa á bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ife kan ní wákàtí kan. Bí àlejò bá jẹ́ 40, tí òde náà sì máa gba wákàtí mẹ́rin, ife 200 nìyẹn. Ife kan máa gba nǹkan bíi 15 cl, yìnyín á gba àyè tó kù. Lítà 30 ló jẹ́ lápapọ̀, ẹ ṣì máa wá omi mímu lásán sí i lọ́tọ̀.

Irú mẹ́ta ni kí ẹ po, ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ po mẹ́jọ. Nígbà tí àlejò dé, wọ́n ṣì ń bó èso lọ́wọ́.

Fún ife 200 yẹn, ohun tí mo máa ń rà nìyí: ọ̀pẹ òyìnbó 15, àgbọn tútù 15, ọsàn wẹ́wẹ́ 170 (ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ó máa tán), ìṣápá pupa gbígbẹ 400 gíráàmù, ìyẹn bísáàpù, atalẹ̀ tútù kílò kan, ṣúgà kílò mẹ́ta, orógbó mẹ́fà, ìyèré díẹ̀, kànáfùrù díẹ̀, efínrín ìdì ńlá méjì, àti omi alágàásì, ìyẹn eau gazeuse, lítà mẹ́jọ.

Ọjà Ouando ni mo ti ń ra púpọ̀ nínú wọn. Fún ọ̀pẹ òyìnbó, ẹ béèrè èyí tí à ń pè ní pain de sucre. Agbègbè Àláàdá ló ti ń wá, àjọ OAPI, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ orúkọ ọjà, sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2021 kí ẹlòmíràn má baà máa lo orúkọ ilẹ̀ náà fún ọ̀pẹ òyìnbó tí kò ti ibẹ̀ wá. Inú rẹ̀ funfun, kò sì kan púpọ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: èèpo rẹ̀ máa ń dúró ní àwọ̀ ewé bó tilẹ̀ ti pọ́n, nítorí náà ojú lásán lè tan yín. Ẹ gbé e, ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bí kò bá rùn, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣòwò.

Ní ti ìṣápá, òdòdó odidi tó dúdú mọ́ pupa ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tó ti di lẹ́búlẹ́bú nísàlẹ̀ àpò. Bí àyè kò bá sí láti fún omi èso fúnra yín, oko Songhaï tó wà ní Ouando, èyí tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ń ta omi èso inú ìgò. Ẹ kàn wo ara ìgò bóyá wọ́n ti fi ṣúgà sí i, kí ẹ lè dín ti yín kù.

Ọjọ́ tó ṣáájú: àwọn ìpìlẹ̀

Ìṣápá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi omi ṣàn án kíákíá kí iyanrìn kúrò, ẹ kó 50 gíráàmù sínú lítà omi kan tí ẹ ti sè tí ó sì ti tutù, ẹ fi kànáfùrù márùn-ún sí i, ẹ gbé e sínú firíìjì mọ́jú. Lítà méje ló máa tó. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sè é lórí iná, ó sì máa ń yá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná a máa fa ohun tó ń gbẹ ahọ́n jáde jù. Omi tútù máa fún yín ní àwọ̀ tó mọ́ gaara àti kíkan tó rọ̀. Kànáfùrù kò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ o, torí pé ó lè gba gbogbo ife náà lọ́wọ́ yín.

Atalẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ títa ọ̀fun, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí. Ẹ má ṣe sè é. Atalẹ̀ tí iná ti kàn máa ń rọ̀. Tútù ló ń jó. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ gún un nínú odó tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú lítà omi kan, ẹ dà á sórí aṣọ funfun tó mọ́, ẹ lọ́ aṣọ náà títí omi á fi tán lára rẹ̀. Ẹ gbé omi náà kalẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Ẹ máa rí nǹkan funfun tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí omi atalẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn dán lójú. Ẹ rọra da omi òkè sínú ìgò, ẹ fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Omi ṣúgà: ife ṣúgà kan sí ife omi kan. Ẹ gbé e kaná, ẹ da ṣíbí kékeré ìyèré tí ẹ ti fọ́ sí i fún ife ṣúgà kọ̀ọ̀kan, bó bá ti hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ òde ìkómọ, mo máa ń fi hóró atare mẹ́wàá mẹ́wàá dípò ìyèré, mo sì máa ń fi oyin rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́ta ṣúgà náà. Ẹ rántí pé oyin kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka kan ohun mímu yìí sí ọmọ tuntun lẹ́nu.

Orógbó: ẹ bó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ gé e pẹlẹbẹ bíi bébà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi 75 cl nínú firíìjì mọ́jú. Omi tó máa jáde máa korò gidi. Ṣíbí kékeré kan ló ń tó ife kan, ẹ sì lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àyàfi tí ẹ bá po òmíràn láìfi sí i. Ẹ dán an wò kí ẹ rí i: ife tí kò ní orógbó á kàn dùn, á sì dákẹ́. Èyí tó ní i á mú kí ẹ tún gbé ife sókè.

Yìnyín

Kílò kan fún ẹnì kan lóṣù kẹta tí ooru mú, ìdajì rẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ẹ ya á sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ẹ máa fi mú ìgò tutù, ibi yòówù kí ẹ ti rà á. Èyí tó máa wọ inú ife, omi mímu tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣe é nílé. Inú abọ́ ike ni mo ń dì í sí, kì í ṣe inú ike kótópó kékeré tó ń bá firíìjì wá, torí yìnyín ńlá kì í tètè yọ́, kò sì ní sọ ohun mímu di omi lásán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, torí iná lè lọ.

Ohun tó lè gbé ọtí wọlé láìmọ̀

Apá yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó sọ pé òun kì í mutí nítorí ẹ̀sìn tàbí àìlera ti fọkàn tán yín.

Mo ti jìyà rẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú yìgì kan, mo fún omi ọ̀pẹ òyìnbó lítà mẹ́wàá, mo kó o sínú ìgò, mo sùn. Iná lọ lóru, mi ò mọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ṣí ìgò àkọ́kọ́, ó dún "pòò", ìhó sì rú jáde bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀: ó ti ń kan, ó ti ń di ọtí. Ilé àwọn Àlùfáà ni mo wà. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń da gbogbo rẹ̀ nù sẹ́yìn ilé. Bí ẹmu ṣe ń le sí i nínú akèrègbè náà ni omi èso tútù ṣe ń ṣe nínú ooru wa. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń di ọtí. Láti ọjọ́ yẹn, àárọ̀ ọjọ́ àpèjẹ gan-an ni mò ń fún ọ̀pẹ òyìnbó, orí yìnyín ló sì ń wà títí.

Nǹkan mìíràn: ìgò kékeré bitters tí àwọn apọntí ń kán sínú ife, ọtí ni. Ti Angostura jẹ́ 44.7%, ọtí líle gidi ni. Orógbó wa yẹn ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Òórùn fàníílà inú ìgò náà sábà máa ń ní ọtí, ẹ ka ara rẹ̀. Bíà tí wọ́n kọ "sans alcool" (aláìlọ́tí) sí lára náà ń fẹ́ àkíyèsí: lábẹ́ òfin Faransé, bíà lè ní ọtí tó 1.2% kí wọ́n sì ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 0,0% sí lára ni kí ẹ rà, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rà á.

Ẹ má sì gbé àgbá ńlá aláìníderí kalẹ̀ láàárín òde. Ẹnì kan máa wà tó máa rò pé òun ń ṣeré, tó máa da sódàbì sí i. Inú ìgò onídèérí ni kí ohun mímu wà, lẹ́yìn tábìlì, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán sì dúró tì í.

Ife mẹ́ta náà

*Pupa.* Ẹ kó yìnyín kún ife. Ìṣápá 10 cl, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 1.5 cl (ṣíbí ìjẹun kan), omi ṣúgà oníyèré 2 cl, omi orógbó ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ tó lè dúró lórí ṣónṣó ọ̀bẹ. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ da omi alágàásì díẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ gé èèpo ọsàn mímu tó gùn bí ìka, ẹ ká a lókè ife kí òróró ara èèpo náà tú jáde sórí ohun mímu, lẹ́yìn náà kí ẹ jù ú sínú rẹ̀. Imú ló kọ́kọ́ ń mu kọ́kítéèlì, kí ẹnu tó mu ún. Aboyún ni kí ẹ má gbé èyí fún; wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n yẹra fún ìṣápá. Ẹ ní méjì yòókù fún wọn.

*Funfun.* Mímì ni ti èyí. Bí ẹ kò bá ní ohun èlò àwọn apọntí, ìgò jáàmù ńlá onídèérí tó fún dáadáa ti tó. Ní ti ife kan: omi ọ̀pẹ òyìnbó 10 cl, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 2 cl, omi atalẹ̀ 1 cl, ewé efínrín mẹ́rin, iyọ̀ díẹ̀. Kò nílò ṣúgà, pain de sucre ti ṣe é. Ìgò lítà kan máa mì ife mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú yìnyín. Ẹ fi aṣọ di ìgò náà mú, ẹ mì ín jìgìjìgì títí ẹ ó fi ka 15 ní pẹ̀lẹ́, títí ọwọ́ yín á fi máa ro yín nítorí òtútù. Bí ẹ bá sẹ́ ẹ sínú ife, ẹ máa rí ìhó funfun tó nípọn lójú rẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó tútù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹyin, láìsí ohunkóhun. Kí ẹ tó da ohun mímu sí i, ẹ ti lè fi ọsàn pa ẹnu ife, kí ẹ dojú rẹ̀ dé orí àwo tí iyọ̀ àti ìyèré lílọ̀ wà. Ewé efínrín kan lókè: ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ lé e lẹ́ẹ̀kan kí òórùn rẹ̀ jí, ẹ tó gbé e lé ìhó náà.

*Àgùdà.* Mo sọ ọ́ lórúkọ yìí nítorí àwọn ìdílé tó ti Brazil padà wá sí Àjàṣẹ́, àwọn tí mọ́ṣáláṣí ńlá wa fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì ará Bahia. Ní Brazil, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà tí a gún pọ̀ ni ìpìlẹ̀ caipirinha. Ọtí ìrèké ni wọ́n ń dà sí i níbẹ̀. Àgbọn ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ gé ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí mẹ́rin, ẹ yọ okùn funfun àárín rẹ̀ torí ó korò, ẹ kó o sínú ife tó nípọn pẹ̀lú ṣíbí kékeré ṣúgà méjì. Ẹ fi ọmọ odó kékeré tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀meje. Títẹ̀ ni, kì í ṣe gígún bí iyán. Bí ẹ bá fọ́ èèpo rẹ̀ pátápátá, kò ní ṣeé mu. Yìnyín, omi àgbọn 8 cl, omi orógbó ṣíbí kékeré kan, omi alágàásì 6 cl.

Fún àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ po *Pupa* láìfi omi ṣúgà sí i, kí ẹ fi kún iyọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí omi ṣúgà dá wà nìyẹn, kó má ti wà nínú ìṣápá láti ilé.

Lọ́jọ́ náà

Láàárọ̀, ẹ po *Pupa* jọ sínú ìgò, láìsí omi alágàásì (ẹ ya ti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ sọ́tọ̀ láìsí omi ṣúgà), ẹ kó o sínú kúlà. Ẹ fún ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn. Ẹ fọ efínrín, ẹ fi aṣọ tútù wé e kó má rọ. Ẹ kó ife sínú fírísà fún wákàtí kan bí àyè bá wà. Tábìlì ohun mímu ń fẹ́ abẹ́ àtíbàbà níbi tí oòrùn kò dé, kó sì jìnnà sí ẹni tó ń dín ẹran. Ènìyàn méjì ni kó wà nídìí rẹ̀ fún àlejò 40: ẹnì kan ń pò, ẹnì kan ń gbé e kiri. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan sórí pátákó, kí ẹni tó ń gbé e kiri sì mọ̀ ọ́n sọ lẹ́nu.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí: níbi ìkómọ kan ní Oganla, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé wo ife pupa tí wọ́n gbé dé iwájú wọn, wọ́n fà sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, gbé e kúrò níbí. Èmi kì í mu wáìnì."

Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe wáìnì o. Ìṣápá ni, pẹ̀lú ìyèré àti orógbó. Kò sí ọtí níbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò."

Wọ́n fi ètè kàn án. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún mu ún, wọ́n mú èèpo ọsàn inú rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Orógbó mà ni lóòótọ́! Ẹ gba tiyín." Kí ó tó di pé a jẹun, gbogbo tábìlì àwọn ìyá ló ti ń di ife pupa mú, àwọn ọkùnrin tó ń mu bíà ń béèrè ohun tó jẹ́.

Ohun kan tó kù ni pé kí ẹ gbé ife tó dára fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹni tó ń mu wáìnì bá ń lo gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ gíga, kí ẹni tí kì í mutí má lo ike.

Bí òde bá tú, ẹ fọ aṣọ tí ẹ fi sẹ́ atalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó gbẹ. Ìṣápá tó ṣẹ́kù ẹ lè dì í sínú fírísà, ó máa wúlò bíi yìnyín pupa fún òde mìíràn. Omi ṣúgà lè wà nínú firíìjì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Omi ọ̀pẹ òyìnbó ni kí ẹ mu tán lálẹ́ yẹn, tàbí kí ẹ dà á nù.